Wákàtí Márùn-ún Àbọ̀ sí Ilé Timoteo

Otilia ń wo ìta láti ojú fèrèsé bàálù nígbà tó rí i pé wọ́n ń dá pósí bàbá rẹ̀ padà. Àwọn géńdé méjì tó wọ ẹ̀wù òjò ti ti kẹ̀kẹ́ ẹrù náà dé abẹ́ apá bàálù. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ nǹkan lórí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí, ni wọ́n bá yí kẹ̀kẹ́ padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Wọn ò tilẹ̀ kánjú. Bí ẹni ń dá àga padà sí yàrá ni wọ́n ṣe ń tì í lọ nínú òjò.

Ìgbà kẹta nìyí tí wọ́n máa fi Timoteo, bàbá rẹ̀, sílẹ̀ ní Santiago. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Wọn ò kúkú purọ́ tán. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ líle a máa fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn kọlu iwájú bàálù, ẹni tó bá sì ń lọ sí erékùṣù Rapa Nui á lo wákàtí márùn-ún àbọ̀ lórí òkun. Ẹni tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ kì í lò tó bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kan náà ló ń tì í lẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kìlómítà ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú méjèèjì, kò sì sí ibì kan lójú ọ̀nà tí bàálù ńlá lè bà sí bí nǹkan bá yíwọ́. Nítorí náà epo ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó, epo rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn epo, èrò. Lẹ́yìn èrò, ẹrù èrò. Òkú ló máa ń kẹ́yìn, nítorí òkú kì í jà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ọjọ́ yìí yàtọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú òkú ti sọ fún Otilia láàárọ̀ pé àwọn ò ní gba Timoteo padà mọ́. Bí kò bá lọ lónìí, Santiago ni wọn yóò sin ín sí lọ́la, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá náà sì bẹ ọmọ rẹ̀ fún lórí àìsàn nìyẹn, pé kó má jẹ́ kí wọ́n sin òun síbi tí òun kò ti ní gbọ́ ìró òkun. Otilia ti ṣèlérí. Ó ti di ọwọ́ bàbá náà mú nígbà tó ń ṣe é.

Ó bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jókòó," ọmọge tó ń tọ́jú èrò wí. "A fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

"Bàbá mi wà níta."

"Mà?"

"Mo ní bàbá mi wà níta, nínú òjò. Mi ò ní jókòó."

Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbójú sókè. Parapina ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Rapa Nui tó wà nínú bàálù náà ló ń pè é ní Nua, ìyẹn ìyá àgbà lédè wa. Nua sanra débi pé ìjókòó kan kò gbà á tán. Apá kan lára rẹ̀ ti wà lórí ìjókòó Otilia láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, kò sì tọrọ gáfárà. Ìtọ́jú ojú ló wá gbà ní Santiago. Láti ìgbà tí Otilia sì ti dárúkọ bàbá rẹ̀ fún un ni ẹnu rẹ̀ kò ti dákẹ́ èébú.

"Timoteo yẹn?" ló ti wí. "Òpùrọ́ paraku ni. Má rò pé òkú ni mò ń bú o. Mo bú u nígbà tó wà láàyè náà."

Otilia ti gbé e mì. Kì í ṣe ẹni tó ń bá àgbàlagbà fa ọ̀rọ̀, kò sì tíì tẹ ilẹ̀ Rapa Nui rí láyé rẹ̀. Santiago ni wọ́n bí i sí, Valparaíso ni ìyá rẹ̀ ti wá. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa erékùṣù náà, ẹnu bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

"Kí lo rí níta?" Nua bi í.

"Wọ́n ń gbé e padà. Afẹ́fẹ́ náà ni wọ́n tún máa sọ."

Nua di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú mú, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Dídìde Nua kì í ṣe ohun kékeré. Ó gbọ̀n ọ̀wọ́ ìjókòó náà látòkèdélẹ̀.

"Tavita," ó ké sí ọkùnrin kan lẹ́yìn. "Dìde."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Nua?"

"Ṣé mo ní kí o béèrè ni? Wọ́n tún fẹ́ fi òkú wa sílẹ̀. Dìde."

Àwa tí a máa ń wọ ọkọ̀ yìí mọ òfin rẹ̀ dáadáa. Bàálù kò lè mira bí èèyàn kan ṣoṣo bá wà lórí ìdúró. Tavita dìde. Ìyàwó olùkọ́ kan dìde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀wọ́ kan dìde, òmíràn tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tí gbogbo ọmọ erékùṣù fi wà ní ìdúró, tí àwọn àlejò tó ń lọ wo ère òkúta wa sì jókòó sáàárín wọn, tí wọ́n ń wo ojú ara wọn.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ bàálù náà wọlé pẹ̀lú omi òjò lórí. Barrientos ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí inú ń bí wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "èmi kọ́ ni mò ń fẹ́ afẹ́fẹ́."

"A ò sọ pé ìwọ lò ń fẹ́ ẹ," Nua dá a lóhùn. "Ìwọ lò ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀."

"Mà, ìwọ̀n ẹrù ti kún. Pósí yẹn, pẹ̀lú páànù tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, ó tó igba kílò. Yóò lọ lọ́jọ́ mìíràn."

"Kò sí ọjọ́ mìíràn," ni Otilia wí. "Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ sin ín síbí. Ẹ sì mọ̀, torí èmi fúnra mi ni mo sọ fún yín láàárọ̀. Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀."

Barrientos wo aago rẹ̀. Ó wá sọ ohun tí ì bá má sọ bó bá gbọ́n. "Ẹ gbọ́. Wákàtí tí òfin fún awakọ̀ láti fi ṣiṣẹ́ lóòjọ́ níye. Pẹ̀lú ìrìn wákàtí márùn-ún àbọ̀, bí ilẹ̀kùn yìí kò bá tì kó tó di ọ̀sán, ó ti kọjá òfin nìyẹn. Bàálù kò ní lọ mọ́. Gbogbo yín lẹ máa sùn sí Santiago, títí kan àwọn àlejò wọ̀nyí."

Ó rò pé ẹ̀rù máa bà wọ́n. Otilia gbọ́ ọ yékéyéké. Ohun tí ọkùnrin náà kó wá láti fi lé wọn jókòó, òun gan-an ni igi tí Otilia ń wá láti fi lù ú.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún wa," ó wí. "A ó dúró di ọ̀sán nìyẹn."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn. Barrientos ò rẹ́rìn-ín mọ́ ní tirẹ̀.

"Mo lè pe ọlọ́pàá."

"Ẹ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́dọ̀ọ́, ìjọba yín ní ọmọ Rapa Nui kankan kò gbọdọ̀ kúrò lórí erékùṣù láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ológun ojú omi. Ọkọ̀ ojú omi tó máa ń wá kó irun àgùntàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló sá wọ̀. Inú irun àgùntàn ló sùn títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ sí Valparaíso, kò rí omi mu dáadáa, awọ ara rẹ̀ sì ń bó. Nígbà tó wà láàyè, ẹ ní kò gbọdọ̀ jáde. Ó kú tán, ẹ ní kò gbọdọ̀ wọlé. Ìgbà wo gan-an lẹ máa jẹ́ kí ọkùnrin yẹn rìn?"

Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, gbogbo ènìyàn ló ti ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń kí i kú ọ̀fọ̀, tí wọ́n sì ń ní kó máa lọ kó máa bọ̀. Ó ti ń lọ, ó ti ń bọ̀, ó sì ti ń dúpẹ́. Ó ti tó o wàyí.

Ọlọ́pàá méjì dé. Wọ́n wo èrò tó dúró gbagidi, wọn ò mọ ẹni tí wọn ì bá kọ́kọ́ mú.

"Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé," Nua wí, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wọn.

Àwọn ọlọ́pàá náà wo Nua. Wọ́n wo àlàfo tóóró tó wà láàárín ìjókòó. Èyí àgbà nínú wọn yọ fìlà, ó ní bóyá ọ̀rọ̀ yìí ò tíì di ti ọlọ́pàá.

Otilia ò jẹ́ kí àyè náà lọ. "Bó bá jẹ́ ìwọ̀n ni, ẹ kó ẹrù wa sílẹ̀, kí ẹ fi bàbá mi rọ́pò rẹ̀. Èmi nìkan kọ́ ni mo lẹrù, mo mọ̀." Ó yíjú sí àwọn èrò. "Mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún. Kò sẹ́ni tó jẹ mí ní gbèsè."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Kò sí ọmọ Rapa Nui tó ń re ilé lọ́wọ́ òfo. Ẹran màlúù wà nínú kúlà nísàlẹ̀ bàálù náà, ápù wà níbẹ̀, bàtà ọmọ iléèwé wà níbẹ̀, taya alùpùpù wà níbẹ̀. Ohun tó bá wọ́n nílé ni wọ́n kó.

"Ẹ kó kúlà mi," ìyàwó olùkọ́ wí. "Ẹran lásán ni."

"Ẹ kó taya."

"Tèmi náà."

Nua yí ọrùn. "Tavita, mi ò gbọ́ ohùn rẹ."

"Fìríìjì ni mo rà, Nua," Tavita wí, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọdé. "Ọdún méjì ni ìyàwó mi ti ń retí ẹ̀. Bí mo bá délé láìgbé e, ó máa pa mí."

"Bó bá pa ọ́, ṣebí ilé lo kú sí."

Gbogbo bàálù rẹ́rìn-ín, Tavita pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀.

Àwọn géńdé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde. Otilia ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé: kúlà, àpótí, fìríìjì tí wọ́n fi ọ̀rá wé, gbogbo rẹ̀ ń tò lórí ilẹ̀ tútù. Barrientos dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀. Ó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́.

"Mi ò tàn yín o," ó ní. "Ìròyìn ojú ọjọ́ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Afẹ́fẹ́ ti le sí i, epo tó yẹ kí wọ́n kó ti pọ̀ sí i. Ó ṣì ku bí àádọ́rùn-ún kílò tó gbọ́dọ̀ kúrò, kò sì sí ẹrù mọ́ nísàlẹ̀."

"Èmi á sọ̀ kalẹ̀," Otilia wí lójú ẹsẹ̀.

"Kò ṣeé ṣe. Òkú kì í dá wọ ọkọ̀ wa. Ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a lọ, ìwọ nìkan ló sì ní."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti takókó. Ẹrù yàtọ̀ sí ara ẹni. Ẹni tó ní ọmọ nílé wo ilẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì wo ilẹ̀, Otilia ò sì dá wọn lẹ́bi. Ọ̀sán ti sún mọ́. Ó rò ó pé òun ti jà dé ibi tí ìjà lè dé.

Nua ti ń wá àpò rẹ̀.

"Ẹ yà fún mi," ó wí.

"Ẹ̀yin kọ́, Nua," Tavita wí. "Ojú yín ò tíì san tán."

"Kí ló dé? Ṣé mi ò tó àádọ́rùn-ún ni?" Ó yíjú sí Barrientos. "Mo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè dá àpótí ápù kan padà, mi ò bínú."

Barrientos wò ó. "Kí ni òkú yìí jẹ́ sí yín, mà?"

"Kò jẹ́ nǹkan kan sí mi," Nua wí. "Òun ló yẹ kó fẹ́ mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà inú bàálù ti mọ̀, wọ́n kàn ń wo fèrèsé. Otilia nìkan ni kò mọ̀. Nua sọ ọ́ fún un níbẹ̀, lórí ìdúró, pẹ̀lú àpò lápá: alẹ́ tí Timoteo sá wọ irun àgùntàn, òun Parapina ló bá a di irun náà bo ara, tó sì fi ewé bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta. Timoteo ní kó dúró de òun. Ó ní bí òun bá ti rí iṣẹ́, òun á ránṣẹ́ pè é. Ọkọ̀ wá lọ́dún kejì, kò sí ìròyìn. Ó wá lọ́dún kẹta.

"Ọdún méje ni mo fi ń lọ sí etíkun," Nua wí. "Ẹni tó wá fẹ́ mi níkẹyìn dáa, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún méje, ọmọ mi."

Ojú ti Otilia, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni bàbá náà rí ní Valparaíso tó fi gbàgbé etíkun yẹn. Òun fúnra rẹ̀, Otilia, wà lára ohun tó jẹ́ kí obìnrin yìí dúró lásán.

"Ẹ wá ń sọ̀ kalẹ̀ fún un?"

"Kì í ṣe fún un. Mi ò kàn ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ Rapa Nui pé kò lè wọ ilé. Òpùrọ́ ni, àmọ́ òpùrọ́ tiwa ni." Ó di èjìká Otilia mú. "Gbọ́ mi dáadáa. Bàálù mìíràn ń bọ̀ ní Sátidé. Má jẹ́ kí wọ́n sin ín kí n tó dé. Mo dúró dè é fún ọdún méje. Òun náà á dúró dè mí títí Sátidé."

Ó bá sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́pàá méjèèjì ló dì í mú lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọ́n gbé Timoteo wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, gbogbo èrò sì jókòó. Nígbà tí bàálù ń yí lọ, Otilia rí Nua tó jókòó lórí fìríìjì Tavita nínú òjò, tó ń bá Barrientos wí nípa nǹkan kan. Barrientos ló di agbòòrùn mú sórí rẹ̀.

Ìrìn náà gùn. Afẹ́fẹ́ ń jà wọ́n níwájú, bàálù ń mì, oúnjẹ ò sì wọ Otilia lẹ́nu. Àwọn ènìyàn wá ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ fún un irú ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó yá, awakọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ pé àwọn ti kọjá ìdajì ọ̀nà, pé láti ibẹ̀ lọ, iwájú ti sún mọ́ ju ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ erékùṣù pàtẹ́wọ́. Otilia fọwọ́ kan ilẹ̀ bàálù, torí bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ ibẹ̀, ó sì sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n bà, torí aago erékùṣù wà lẹ́yìn ti Santiago. Gbogbo ìlú ló dúró dè wọ́n. Wọ́n fi òdòdó kọ́ Otilia lọ́rùn títí tí kò fi rí iwájú mọ́. Hilario tí gbogbo wa ń pè ní Koro, ìyẹn bàbá àgbà, àbúrò bàbá rẹ̀ ni, àgbàlagbà tó ga tó sì ń yára sọ̀rọ̀, ó fà á mọ́ra, ó ní gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́: wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀bá òkun, àlùfáà ti dé, wọ́n sì ti ń hú oúnjẹ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sè jáde lábẹ́ òkúta gbígbóná. Kí wọ́n tètè sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

"A ò ní sin ín lónìí, Koro," Otilia wí.

"Kí lo wí?"

"Ó di Sátidé."

Koro Hilario wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń sin òkú wa? Àlùfáà dúró. Oúnjẹ ń tutù. O ò mọ àṣà ibí."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ máa kọ́ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n rán mi níṣẹ́, mi ò sì ní jẹ́ kó wọ ilẹ̀ kí n tó jẹ́ ẹ." Ó lọ dúró síwájú pósí náà, ó gbé ọwọ́ lé e. Àwọn tó fẹ́ gbé e dá ọwọ́ dúró. Ariwo ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹbí. Ẹnì kan ní bí àwọn ará Santiago ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

"Ta ló rán ọ?" Koro Hilario bi í.

"Nua Parapina. Ìwọ̀n kò gbà wá, ló bá sọ̀ kalẹ̀ kí bàbá mi lè wọlé. Ó ní kó dúró de òun."

Ariwo náà rọlẹ̀. Koro Hilario wo ojú ọ̀nà bàálù tó ṣófo, ó wo pósí náà, ó wá ṣí fìlà rẹ̀ lórí.

"Parapina sọ̀ kalẹ̀ fún un," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ sọ fún àwọn tó wà nídìí ilẹ̀ pé kí wọ́n fi ṣọ́bìrì sílẹ̀," ó wí fún àwọn ọ̀dọ́. "Yóò dúró."

Wọ́n gbé Timoteo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà fẹ́ kí wọ́n gbé e síwájú pẹpẹ bí ìṣe, ṣùgbọ́n Koro Hilario kò gbà. Ó ní kí wọ́n yí pósí náà kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má sì ti ilẹ̀kùn, kó lè rí Parapina nígbà tó bá ń bọ̀.